Àpá Tó Wà Nínú Ẹ̀dọ̀ Èmi àti Ìyá Mi

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ẹ̀dọ̀ yín ti ní àpá, ẹ má tíì sunkún. Èmi náà ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọsibítù yẹn rí, mo sì wà láàyè tí mo ń kọ èyí. Àmọ́ kì í ṣe torí kí ẹ lè bá mi yọ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́. Ohun kan wà tí mo ṣe nígbà tí àìsàn náà ń ṣe mí. Àìsàn náà ń lọ díẹ̀díẹ̀, ohun tí mo ṣe yẹn kò lọ. Mi ò fẹ́ kí ẹ ṣe irú rẹ̀.

Mùdàṣírù ni orúkọ mi. Fíríjì ni mò ń tún ṣe ní Okokomaiko. Ará Ìṣẹ́yìn ni bàbá mi, wọ́n ti di olóògbé. Ìyá mi ń ta òkìríkà aṣọ ọmọdé ní Ìyànà Ìbà, Ìyá Ráṣídì sì ni gbogbo ọjà ń pè wọ́n. Ráṣídì ni ẹ̀gbọ́n mi, àkọ́bí wọn. Ó ti kú, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ pe ìyá mi.

Ó yẹ kí n sọ bí Ráṣídì ṣe kú, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, inú rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà wú. A gbé e káàkiri lọ́dọ̀ àwọn alágbo àti àwọn aládùúrà, kò sí ẹni tó rántí pé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Lọ́jọ́ tí a sin ín, àbúrò bàbá mi obìnrin, tí a ń pè ní Màmá Ìjànìkin, sọ̀rọ̀ kan lójú gbogbo èrò. Wọ́n ní, "Àwa ò mọ ohun tó ń jẹ ọmọ nínú ilé yìí o. Ẹni tó bá ń jẹ wọ́n, kó jọ̀ọ́, kó fi èyí tó kù sílẹ̀ fún wa." Wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìyá mi ni wọ́n wò. Gbogbo wa la rí i. Láti ọjọ́ náà, ìyá mi ò tún fi ẹsẹ̀ tẹ òde kankan tí àwọn ẹbí bàbá mi bá ṣe.

Nígbà tí tèmi máa dé, àárẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Fíríjì tí mo máa ń dá gbé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe aládùúgbò kó wá bá mi gbé e. Mo ní ọjọ́ orí ni. Lẹ́yìn náà ni ara ń yún mi, kò sí kúrúnà, kò sí eélá. Òórùn ẹja tí ìyàwó mi bá ń dín wá ń lé mi jáde nílé, èmi tí mo máa ń jẹ ẹja tegungun-tegungun. Ìtọ̀ mi pọ́n bí omi sóbò. Mo rí gbogbo rẹ̀, mo kàn ń pè é ní ibà. Oníbàárà mi kan, obìnrin Ègùn tó ń ta omi tútù, ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀ fún mi.

"Ọ̀gá Mùdà, ojú yín ò dáa o. Inú ẹyinjú yín ti di ìyeyè. Ẹ lọ ṣe test."

Mo ní oòrùn ni. Ó ní, "Oòrùn wo ló ń wọnú ojú lọ jókòó?"

Nígbà tí ìyá mi rí mi, ṣe ni wọ́n kàn jókòó. Mo mọ ẹni tí wọ́n ń rí lójú mi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, wọ́n ti gbé ìkòkò àgbo ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ wá. Màmá Ìjànìkin náà gbọ́, wọ́n fi omi àdúrà ránṣẹ́, wọ́n sì fi iṣẹ́ kún un: kí n má ṣe jẹ ohunkóhun láti ọwọ́ ìyá mi.

Ẹ wo wàhálà tí mo bá ara mi nínú rẹ̀. Bí mo bá kọ àgbo yẹn, a jẹ́ pé mo gba ọ̀rọ̀ Màmá Ìjànìkin gbọ́ nìyẹn. Nítorí náà, mo ń mu ún. Mo ń mu ún lójú ìyá mi, mo ń gbé ife náà sókè kí wọ́n lè rí ìdí rẹ̀. Mò ń bì, mo tún ń mu ún. Bí mo ṣe ń mu ún tó ni ojú mi ń pọ́n sí i.

Sàdíátù ìyàwó mi ló fòpin sí i. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbé hìjáábù sórí, ó ní, "Bàbá Àmínà, ẹ ẹ́ lọ sí ọsibítù lónìí. Tí ẹ ò bá lọ, èmi ni mo máa gbé yín pọ̀n lọ. Ẹ mọ̀ pé mo lè ṣe é, ẹ ti fúyẹ́."

Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà la ti jáde nílé, síbẹ̀ àwọn kan ti ṣáájú wa. Bàtà ni wọ́n fi ń tò ní ọsibítù náà. Ẹni tó bá dé á bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sórí ìlà, á wá ibì kan jókòó sí, bàtà rẹ̀ á máa bá a tò. Mo bọ́ tèmi sílẹ̀, mo jókòó, ara ń yún mi. Oòrùn ti mú kí nọ́ọ̀sì tó jáde sí wa. Ó rí mi tí mò ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún, ó ní, "Bàbá, ẹ fẹ̀dọ̀ lé orí òróòro, ó máa kàn yín." Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀dọ̀ yẹn gan-an la gbé wá." Gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mi ò ní í fi ọ̀rọ̀ owó da yín láàmú. Fíríjì tí mo ti tún ṣe tí mo fẹ́ tà lọ́dún Iléyá, mo tà á ní àdánù. A lọ, a bọ̀, wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀, iná ń lọ, wọ́n ń ní ká padà wá lọ́la. Ní ìgbẹ̀yìn, mo dé iwájú dókítà. Obìnrin ni, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó sì lóyún.

Ó ní àrùn mẹ́dọ̀wú ni, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní hẹpatáítíìsì. Ó ní kòkòrò náà ti pẹ́ lára mi, ó ti ń bá ẹ̀dọ̀ mi jà ní ìdákẹ́jẹ́, ibi tí ẹ̀dọ̀ bá sì ti fara gbọgbẹ́ ló ń di àpá. "Ẹ ṣá mọ̀ pé ojú àpá kì í jọ ojú ara," ló wí. "Tí àpá bá wá gba gbogbo ẹ̀dọ̀, kò ní í lè ṣiṣẹ́ mọ́."

Mo bi í pé báwo ló ṣe rí àpá nínú mi nígbà tí kò là mí nínú. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ló sọ. Ó ní tí ìyà bá ń jẹ ẹ̀dọ̀, àwọn nǹkan kan á máa tú láti inú rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Tí àpá bá sì ti pọ̀, àwọn nǹkan mìíràn tó yẹ kó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ á máa dínkù. Wọ́n á pa á pọ̀ mọ́ ọjọ́ orí ẹni, wọ́n á fi mọ ibi tí àpá dé. Ọ̀rọ̀ náà yé mi dáadáa. Tí gáàsì bá ń jò lára fíríjì, ojú kì í rí gáàsì, epo tó bá lẹ̀ mọ́ ara páìpù la fi ń mọ̀ ọ́n.

"Tiyín ò tíì burú tán," ni dókítà wí. "Tí ẹ bá ń lo oògùn lójoojúmọ́, tí ẹ fi ọtí àti àgbo sílẹ̀, àpá náà lè rọ̀." Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́wọ́ ni ó tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó ní kí n mú ìyàwó àti àwọn ọmọ mi wá fún àyẹ̀wò. Ó wá ní, "Màmá yín ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní irú èyí, ìgbà tí wọ́n bí wọn ló ti wọ̀ wọ́n lára. Ìyá ló máa ní i, kò sì ní í mọ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi ìyá kankan o. Àmọ́ ó yẹ ká yẹ̀ wọ́n wò, àwọn àti àwọn ọmọ wọn tó kù."

Ohùn Màmá Ìjànìkin ni mo gbọ́. Ìyá ló fún ọmọ. Ìyá ló fún Ráṣídì, ìyá ló fún Mùdàṣírù. Àwọn ẹbí bàbá mi ò ní í gbọ́ kòkòrò nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ìyá nìkan ni wọ́n máa gbọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé e dé iwájú obìnrin tí wọ́n ti fi ojú pè ní àjẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sin ọmọ rẹ̀? Kí n wá sọ fún wọn pé ikú ọmọ wọn, inú wọn ló ti jáde?

Mo la ẹnu mi, mo ní, "Ìyá mi ti kú, dókítà."

Ìyá mi, tó jẹ́ pé ní wákàtí yẹn gan-an, wọ́n ń pàtẹ aṣọ ọmọdé ní Ìyànà Ìbà. Ní ilẹ̀ wa, a kì í fi irú ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré. Dókítà fi pẹ̀lẹ́ kí mi, ó ní, "Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere." Mo sì ṣe àmín. Títí di òní, tí mo bá rántí àmín yẹn, ara mi máa ń bù máṣọ.

Wọ́n yẹ Sàdíátù àti àwọn ọmọ wò, wọn ò ní i, wọ́n sì gún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí a ṣe ń bọ̀ ni Sàdíátù bi mí pé, "Màmá ńkọ́?" Mo ní dókítà sọ pé àyẹ̀wò ti àgbàlagbà kò sí níbẹ̀. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó gbé ojú kúrò. Mo sọ fún ìyá mi pé ibà tó pẹ́ lára ni, pé wọ́n ní kí n sinmi àgbo ná. Wọ́n ní, "Ó dáa, àlàáfíà ẹ ni mò ń wá," wọ́n sì da ìkòkò náà nù.

Oògùn náà bá mi lára mu. Ojú mi mọ́, oúnjẹ ń wọlé, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá fíríjì gbé. Nígbà tí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ mi yẹ̀ wò, dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní àpá náà ti ń rọ̀. Inú ìyá mi dùn débi pé wọ́n fẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mú mi lọ bá dókítà yẹn, kí n fojú kan ẹni tó fi ọmọ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún mi."

Mo ní dókítà wà ní ìsinmi. Ní ìgbà kejì, mo ní wọn kì í gba àlejò. Ní ìgbà mìíràn, mo ní wọ́n ti gbé e lọ sí ibòmíràn. Irọ́ kan ń bí òmíràn, gbogbo wọn ń jọ bàbá wọn.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, mo ń rí ìyá mi. Mo rí i bí ìró wọn ṣe ń yí ìdí wọn po lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí i tí wọ́n ń fi ìyarun họ ẹ̀yìn ní ìsọ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ wọn wú, wọ́n ní ìdúró ọjà ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé mi ò mọ̀. Ta ni ì bá mọ̀ bí kì í bá ṣe èmi tí irú rẹ̀ ṣe? Ṣe ni mo ń ra ọsàn fún wọn. Tí mo bá ti rí i pé wọ́n tún rù sí i, ọsàn tí mo máa rà á tún pọ̀ sí i.

Ìyá mi ò dúró dè mí. Wọ́n bi Sàdíátù ibi tí yàrá dókítà wà, ó sì júwe rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ṣa èyí tó dára jù nínú aṣọ ọmọ ìkókó tí wọ́n ń tà, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n fi aṣọ funfun dì í, torí mo ti sọ fún wọn nígbà kan pé dókítà náà lóyún. Wọ́n lọ bọ́ bàtà wọn sórí ìlà bí gbogbo ènìyàn. Nígbà tó kàn wọ́n, wọ́n wọlé, wọ́n ní, "Èmi ni ìyá Mùdàṣírù onífíríjì. Mo wá kí yín kú iṣẹ́ ni."

Mo wà nílé oníbàárà kan ní Ìbà, mo ti ki orí bọ ẹ̀yìn fíríjì rẹ̀, nígbà tí fóònù mi dún.

"Bàbá Àmínà," ni dókítà wí, "ẹ máa bọ̀. Màmá yín wà lọ́dọ̀ mi."

Mi ò palẹ̀ irinṣẹ́ mi mọ́. Bí mo ṣe dé ọsibítù ni mo rí ìyá mi lórí bẹ́ǹṣì, òwú ti wà lápá wọn níbi tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀. Wọ́n gbójú sókè.

"Mùdàṣírù, wọ́n ní mo ti kú."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn bàtà. Àwọn èèyàn ń wò wá.

"Dìde. Òkú kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Jókòó síbí, kí o sọ ohun tí mo ṣe fún ẹ."

Mo jókòó, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. "Màmi, ẹ dárí jì mí. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ pé ọ̀dọ̀ yín ló ti wá ni. Torí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lọ́jọ́ Ráṣídì. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún rí nǹkan dì mú."

"Dókítà ti sọ fún mi," ni ìyá mi wí. "Ó ní kòkòrò kan ni. Ó ní ọ̀dọ̀ ìyá tèmi náà ni mo ti lè rí i, kí n tó lè jókòó pàápàá. Ṣé òun ló pa Ráṣídì?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, Màmi. Bó ṣe ṣe é náà ló ṣe mí."

"Kì í ṣe èmi ni mo jẹ ẹ́?"

Mo wò wọ́n. Mi ò tíì gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu wọn rí. Ohùn ọmọdé ni.

"Ẹ̀yin kọ́, Màmi."

Ìyá mi bú sẹ́kún. "Àtọjọ́ tí a ti sin ín ni mo ti ń bi ara mi. Wọ́n ní àwọn kan wà tó ń jẹ ọmọ wọn lójú oorun, tí wọn ò mọ̀. Mo ní bóyá èmi náà nìyẹn. Tó bá rẹ̀ mí láàárọ̀, mo máa ń ní, àbí mo jáde lọ lóru ni? Nígbà tí ojú tìẹ náà pọ́n, mo ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ mọ̀, Mùdàṣírù. O mọ̀ pé kì í ṣe èmi, o wá gbé e pamọ́ fún mi."

Mo rò pé àṣírí ìyá mi ni mò ń bò. Àṣé ìdáláre wọn ni mo jókòó lé.

Nígbà tí èsì wọn jáde, àpá tó wà nínú ẹ̀dọ̀ wọn ti kọjá tèmi jìnnà. Mo dá lọ bi dókítà pé tó bá jẹ́ pé mo mú wọn wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Bàbá Àmínà, ẹ jẹ́ ká mójú tó èyí tó wà nílẹ̀." Mo gbọ́ ìdáhùn mi.

Mo lọ sí Ìjànìkin. Níwájú gbogbo ẹbí, mo sọ ohun tó pa Ráṣídì àti ohun tó ṣe mí, mo sì sọ pé kòkòrò ni, kì í ṣe ènìyàn. Ohun tí Màmá Ìjànìkin kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá ó máa ń ranni nídìí oúnjẹ. Mo ní rárá, jíjẹun pọ̀ kì í fà á. Wọn ò tọrọ àforíjì. Wọ́n kàn ní kí n bá àwọn kí ìyá mi. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà, ìyá mi ní, "Mo gbọ́."

Ní báyìí, oògùn kan náà ni èmi àti ìyá mi ń lò. Ara mi le. Ọjọ́ tí a jọ ń gbàyẹ̀wò, èsì tèmi á máa dára sí i, tiwọn kò kúrò lójú kan, dókítà sì ní ká máa dúpẹ́ pé kò lọ síwájú. Ìgbà míì, dókítà á fa omi kúrò ní inú wọn. Iyọ̀ ti dínkù nínú ọbẹ̀ wa. Lọ́jọ́ tí ara wọn bá dá, wọ́n á lọ pàtẹ ní Ìyànà Ìbà, wọ́n á gba ṣọ́ọ̀bù mi kọjá, wọ́n á ké látẹnu ọ̀nà pé, "Òkú ti dé o, ẹ fún un ní àga." Àwọn aládùúgbò á rẹ́rìn-ín. Mo máa ń gbé àga jáde, mi ò lè bá wọn rín in.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ lo oògùn yín, ẹ má sì jẹ́ kí ìfẹ́ tàbí ìtìjú mú yín gbé ife àgbo tó ń pa yín sẹ́nu. Ẹ má jọ lo abẹ, torí ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé kòkòrò náà kiri. Ṣùgbọ́n èyí tí mo ń bẹ̀ yín lé lórí jù ni pé tí wọ́n bá bi yín léèrè àwọn èèyàn yín, ẹ dárúkọ wọn. Ẹ dárúkọ ìyá yín. Ohun tí ẹ rò pé ó máa pa wọ́n lè jẹ́ ohun tí wọ́n ti ń sunkún wá kiri.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, káàdì mi ti gbó, wọ́n ń ṣí òmíràn fún mi. Nọ́ọ̀sì tuntun kan ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi, kò gbójú sókè.

"Bàbá yín ńkọ́?"

"Wọ́n ti kú."

"Ìyá yín?"

Ìyá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n ń wo ojú fèrèsé bí ẹni pé wọn ò gbọ́.

"Wọ́n wà láàyè," ni mo wí.

Ìyá mi fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí. "Sọ ọ́ sókè," ni wọ́n wí, "kí Ọlọ́run tó gbọ́ àmín yẹn lè gbọ́ eléyìí náà."